ILÉ ALÁJÀ PÚPỌ̀ LẸ́BÀÁ IBÙDÓ RÉLÙWÉÈ: ÀRÍYÀNJIYÀN ÌLÚ BERKELEY

Ní ìlú Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn ńlá ti wà láàrin àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ tí ó yí ibùdó rélùwéè méjì ká. Bí ènìyàn bá fi ojú wo ilẹ̀ náà, kò ju pápá ọ̀dà tí àwọn èrò ọkọ̀ ń gbé mọ́tò wọn sí lọ. Àwọn kan ní kí a kọ́ ilé alájà méje sí i, kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé lè rí ibùgbé níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ba àdúgbò àwọn jẹ́. Ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí apá kọ̀ọ̀kan ń sọ, àti bí wọ́n ti ń yanjú rẹ̀, nítorí pé ibi púpọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin bá dé ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń tẹ̀ lé e dé.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Berkeley kì í ṣe ìlú tí ó tóbi púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, 124,321 ni iye àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Omi wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkè wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, àwọn ìlú mìíràn sì há a mọ́ ní ọ̀tún àti ní òsì, nítorí náà kò sí ibi tí ó lè fẹ̀ sí. Yunifásítì ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ju 40,000 lọ, ìlú San Francisco tí iṣẹ́ pọ̀ sí kò sì jìnnà sí i. Àwọn tí ń wá ilé pọ̀, ilé kò tó. Bí ọjà bá sì wọ́n, olówó ni í rí i rà.

Ọ̀wọ́n ilé yìí kò ṣẹ̀hìn òfin. Ní 1916 ìgbìmọ̀ ìlú Berkeley pàṣẹ pé ní àwọn àdúgbò kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ju ilé tí ìdílé kan ṣoṣo yóò máa gbé lọ. Berkeley wà lára àwọn ìlú tí ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́hìn náà, ní 1937, àjọ kan ti ìjọba àpapọ̀ ya àwòrán ilẹ̀ agbègbè náà, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun àwọn àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tálákà ń gbé, láti fi hàn pé ó léwu láti yá àwọn ará ibẹ̀ lówó ilé. Gúúsù Berkeley wà lára ibi tí wọ́n kùn ní pupa. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò lówó kò fi lè ra ilé lórí òkè, tí kò sì rí owó yá láti fi tún ti ìsàlẹ̀ ṣe.

Ní 1964 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rélùwéè tuntun kan tí à ń pè ní BART, èyí tí ó so San Francisco pọ̀ mọ́ àwọn ìlú òdìkejì omi. Ní 1966 àwọn ará Berkeley dìbò pé àwọn yóò dá owó orí kún owó iṣẹ́ náà, kí ojú irin lè gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá ní ìlú àwọn, kí afárá gíga má baà pín ìlú sí méjì. Ìpinnu náà dára, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó lè ṣe, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé, àwọn tí ń gbé inú wọn sì ṣí lọ. Nígbà tí ibùdó North Berkeley àti ibùdó Ashby ṣí ní 1973, ibi tí ènìyàn ń sùn sí tẹ́lẹ̀ ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ní ọdún 1973 kan náà, àwọn ará ìlú tún dìbò gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó mú kí ó ṣòro láti wó ilé àtijọ́, kí a sì kọ́ ilé fúláàtì sí ipò rẹ̀. Wọn kò ṣe é lásán. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ilé ti ń wó àwọn ilé tí ó lẹ́wà, tí wọ́n sì ń fi àwọn ilé tí wọ́n fi ìkánjú kọ́ rọ́pò wọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

ÒFIN ÌPÍNLẸ̀ DÁ SÍ I

Ní 2018 Gómìnà Jerry Brown fi ọwọ́ sí òfin kan tí àwọn aṣòfin California ṣe nípa ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti BART. Òfin náà sọ pé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ju ìdajì máìlì sí ẹnu ọ̀nà ibùdó, BART ni yóò fi ìwọ̀n ilé lélẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú kò sì gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò dín in kù. Fún ibùdó méjèèjì ní Berkeley, ìwọ̀n náà ni pé kí ìlú fi àyè gba ilé alájà méje, kí ibùgbé orí éékà kan má sì dín ní 75.

Ìdí òfin yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ìdajì máìlì jẹ́ ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀, kò sì di dandan kí ó ní mọ́tò. Owó tí a ń ná láti mú ọkọ̀ ojú irin rìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìbáà kún, ìbáà ṣófo. Ààyè tí mọ́tò kan gbà láti òwúrọ̀ di alẹ́ kì í sábà mú ju èrò kan lọ wá. Bí a bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ kan náà, tí ó ga sókè, èrò tí yóò ti ibẹ̀ jáde yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ KÒ FẸ́ Ẹ Ń SỌ

Àwọn tí ń gbé ìtòsí North Berkeley wí tiwọn. Ilé àdúgbò náà kò ju alájà kan tàbí méjì lọ. Wọ́n ní bí ilé alájà méje bá dìde lójijì láàrin wọn, òjìji rẹ̀ yóò bo ọgbà àwọn, mọ́tò yóò sì kún òpópó tí kò fẹ̀. Àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara tí ń gbé orí òkè béèrè pé, bí a bá gba ibi ìgbọ́kọ̀sí, báwo ni àwọn yóò ti ṣe máa dé ìdí ọkọ̀? Àwọn mìíràn sọ pé ìlú ni ó yẹ kí ó ṣe òfin ilẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àwọn aṣòfin tí ń gbé ibòmíràn.

Kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sẹ́hìn. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó fi gbogbo owó ayé rẹ̀ ra ilé kan, tí ó sì ti gbé inú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí yóò dìde lójúde rẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ SÍ NÍ ÌPÀDÉ

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí ní ẹnì kan tí kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń rò ó. Àwọn tí ó ti ní ilé lẹ́bàá ibùdó ni ó rọrùn fún jù láti wá sí ìpàdé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn tí yóò gbé inú ilé tuntun náà kò tí ì sí nílùú. Tíṣà tí ń kọ́ ọmọ Berkeley, ṣùgbọ́n tí ilé rẹ̀ jìnnà, wà lójú ọ̀nà ní àkókò ìpàdé. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń sun inú mọ́tò kò mọ̀ bóyá òun yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ka ohùn, ohùn àwọn tí ó ti rí ibùgbé ni ó máa ń pọ̀ jù.

Èyí ni ohun tí àwọn tí ó fẹ́ ilé náà tẹnu mọ́. Wọ́n ní bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ń lé ilé tuntun kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, kì í ṣe pé ènìyàn yóò dín kù. Wọn yóò lọ gbé ibi jíjìnnà, wọn yóò sì máa wa mọ́tò kọjá ní ojú ọ̀nà ìlú kan náà lójoojúmọ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Ẹ̀RÙ ÀWỌN ARÁ ASHBY

Ní ibùdó Ashby, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Gúúsù Berkeley ni ibẹ̀, ní àdúgbò tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn rí. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọjà ohun àlòkù ń ná lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí náà láti ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú sì ń jẹun níbẹ̀. Ẹ̀rù tí ń ba àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe òjìji ilé. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé àwọn olówó yóò wọlé, owó ilé yóò gòkè, àwọn tí ó jìyà àdúgbò náà nígbà tí kò dára kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí ó bá dára. Ẹ̀rù wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní 1970 àwọn aláwọ̀ dúdú ju ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará Berkeley lọ. Ní 2020 wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́.

IBI TÍ ÌPINNU DÉ

Nígbà tí òfin ìpínlẹ̀ ti sọ pé ilé gbọ́dọ̀ lè dìde, ìjíròrò kúrò lórí bóyá a ó kọ́ ọ, ó sì bọ́ sórí ẹni tí a ó kọ́ ọ fún. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Ní 2021 ìgbìmọ̀ ìlú ya 53 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ilé àwọn tí owó wọn kéré ní ibùdó méjèèjì. Ní June 2022 wọ́n fọwọ́ sí òfin ilé alájà méje, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé ó kéré tán, ibùgbé 35 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ètò tí àwọn tí yóò kọ́lé gbé wá fún North Berkeley lé ní 700 ibùgbé, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tí owó wọn kò tó.

Bí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò irú ilé bẹ́ẹ̀ nìyí: wọn a wo iye owó tí ìdílé tí ó wà láàrin méjì, tí kì í ṣe olówó tí kì í sì í ṣe tálákà, ń rí ní agbègbè náà lọ́dún, wọn a wá ya ilé sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó ìyẹn, kí owó ilé wọn má baà ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 owó tí ń wọlé fún wọn lọ.

Ní 2023 ìlú tún ṣe ohun kan tí ó yẹ ní àkíyèsí. Wọ́n ṣètò pé nígbà tí a bá ń pín irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n wó ilé wọn nígbà tí a ń kọ́ BART, àti àtọmọdọ́mọ wọn, yóò wà lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ fún. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí a tó rántí wọn, ṣùgbọ́n a rántí wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró ní Berkeley. Ní October 2025 Gómìnà Gavin Newsom fi ọwọ́ sí òfin mìíràn tí Sẹ́nétọ̀ Scott Wiener gbé wá, tí wọ́n dá July 2026 fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin ti 2018 kan ilẹ̀ BART nìkan. Èyí kan ilẹ̀ àwọn onílé pẹ̀lú, ní àwọn agbègbè tí rélùwéè wọn pọ̀, ilé tí ó bá sì súnmọ́ ibùdó jù lè tó alájà mẹ́sàn-án. Olórí ìlú Los Angeles, Karen Bass, tako òfin náà, ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀ sì dìbò 8 sí 5 láti tako ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó, ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní September 2023, èyí tí ń gba Ìkẹjà àti Agége kọjá sì bẹ̀rẹ̀ ní October 2024. Níbi tí ojú irin bá gbà, ilẹ̀ a máa wọ́n. Kí ó tó wọ́n ni ó yẹ kí àwọn ará àdúgbò, onílé àti ayálégbé, jókòó pọ̀ láti béèrè ohun tí a ó kọ́, àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀, àti ibi tí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wà. Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àádọ́ta ọdún ti pẹ́ jù láti dúró de ẹ̀tọ́.