Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Dáàmù adágún ìgbafẹ́

Ní South Fork, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olówó kan gba dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ tó ti gbó, kí wọ́n lè máa pẹja, kí wọ́n sì máa gbafẹ́ létí omi. Andrew Carnegie wà lára wọn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe owó ló wọ́n wọn. Wọ́n gé orí dáàmù náà wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè rọ́nà kọjá. Páìpù ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń dín omi kù ti kúrò níbẹ̀. Wọn ò fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n tún fi asẹ́ dí ibi tí àpọ̀jù omi ń gbà jáde, kí ẹja má baà sá lọ. Nítorí ẹja o! Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtí dí asẹ́, omi gun orí dáàmù, dáàmù náà ya, omi sì gbá ìlú Johnstown lọ. Àwọn tó kú lé ní 2,200.

Bí ẹ bá ní irú adágún bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àpọ̀jù omi ni kí ẹ kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí igi hù lára dáàmù: bí gbòǹgbò bá jẹrà, ihò ló máa ṣẹ́kù. Bí omi bá ń sun lẹ́yìn dáàmù náà, ẹ bù ú sínú ife gíláàsì. Bó bá mọ́ gaara, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá rú, yẹ̀pẹ̀ inú dáàmù ló ń gbé jáde yẹn. Ẹ pe ẹnjiníà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò.