Yíyan Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ fún Ìlò Ẹbí

Ọkọ̀ ojú irin kò gba Ọ̀yọ́ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò gba Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí a sì tún ń fà á síwájú, ìhà Òṣogbo ni ó darí sí. Ó gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ó sì fi ìlú ńlá méjèèjì yìí sí apá òsì rẹ̀. Nítorí náà ni ìjọba ṣe la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1906, kí àwọn ará Ọ̀yọ́ lè rí ọ̀nà dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà náà wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà wá, ohun yòówù tí yóò bá wọ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, orí táyà ni ó sábà máa ń gbà wọ̀ ọ́.

Nígbà kan rí, ọkọ̀ tuntun kò kọjá agbára olùkọ́ ilé-ìwé gíga tàbí akọ̀wé ìjọba. Ìjọba a máa yá wọn lówó ọkọ̀, wọn a sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù wọn. Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo, èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní ìjàpá, wọ́pọ̀ ní ìta àwọn tísà lákòókò náà. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1986, nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà, tí iye náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun fò kọjá orí òṣìṣẹ́. Ìgbà náà ni ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò kù gba ọjà lọ́wọ́ tuntun.

Àwọn Yorùbá kò pẹ́ kí wọ́n tó fún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Ọmọ tí a bá bí sí òkè òkun, tí a sì gbé wá sílé, Tòkunbọ̀ ni à ń pè é, nítorí pé ó ti òkun bọ̀. Orúkọ iyì ni. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í ti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà dé, orúkọ ọmọ di orúkọ ọkọ̀. Boyá ìdí nìyí tí ojú kì í fi í ti ẹnikẹ́ni láti ra tòkunbọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni kan náà lè fi aṣọ òkírìkà pamọ́ fún aládùúgbò.

Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lágbàáyé kọ́ ni tòkunbọ̀ ti ń wá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá ọ̀tún wakọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jàpáánù, kò bá ọ̀nà wa mu mọ́. Àwọn kan a máa tú sítíárìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a sì gbé e sí òdìkejì. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí wáyà àti sí bíréèkì kò ní fi ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ìyàwó rẹ̀ ń ná ọjà Ọ̀yọ́. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, ìyá ọkọ sì ń bá wọn gbé. Ibùsọ̀ tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì kò ju 30 àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà eré. Òun ni àwọn tírélà àti ọkọ̀ agbépo ń gbà lọ sí Òkè Ọya. Nígbà tí a sì ń sọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin di onílà méjì, apá ti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó fà sẹ́yìn jùlọ. Lórí irú ọ̀nà yìí ni ènìyàn ti lè rí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì lórí alùpùpù kan ṣoṣo. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó pamọ́ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kì í ṣe afẹ́ ni ó ń wá. Ọdún mẹ́fà ni ó fi kó o jọ. Bí ó bá fi ra ọkọ̀ tí kò dára, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Bí owó bá ti tó rà, ọ̀rọ̀ a pọ̀. Ọ̀rẹ́ kan ní kí ó ra jíìpù, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé tísà ti dé. Jíìpù ga lóòótọ́, kòtò kò sì lè há a, ṣùgbọ́n epo tí ó ń mu lọ sí Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kan lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ kí ó sì gbé e bọ̀. Ẹlòmíràn ní kí ó ra Nissan Micra, irú èyí tí àwọn onítakisí fi ń na Tákíè àti gbogbo ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ẹni tí yóò bú Micra. Kì í mu epo, kò sì sí mẹ́káníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tú. Ṣùgbọ́n níbo ni ìyá àgbà yóò jókòó sí, níbo sì ni ẹrù ọjà yóò wà?

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń gbé ní irú ìlú báyìí kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe bí ọkọ̀ ti lẹ́wà tó, bí kò ṣe ibi tí yóò ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́. Ìdí nìyí tí Toyota fi gba gbogbo ojú pópó. Ẹ̀yà ara Corolla tàbí Camry kò ṣòro rí ní ọjà Aráròmí ní Ìbàdàn, tàbí ní Ládìpọ̀ ní Èkó. Àwọn ènìyàn tilẹ̀ ti sọ Camry lórúkọ ní ìran-ìran: Pencil Light ni èyí tí ó ṣáájú ọdún 2002, Big Daddy ni èyí tí ó tẹ̀lé e, Muscle sì ni ti ọdún 2007. Ọkọ̀ ńlá tí orúkọ rẹ̀ ń dún, tí kò sì sí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ ní àdúgbò, lè dúró fún oṣù mẹ́ta nítorí irin kékeré kan tí kò ju ọwọ́ lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn olówó kì í fẹ́ gbọ́. Ọkọ̀ tí ẹnìkan ti lò fún ọdún mẹ́rin ní àdúgbò, tí a mọ olówó rẹ̀, tí a mọ mẹ́káníìkì rẹ̀, tí a sì mọ ọjọ́ tí ó kùnà lọ́nà, lè sàn ju tòkunbọ̀ tí ń dán gbinrin tí kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀. Àbùkù ti àkọ́kọ́ hàn sí gbogbo ayé. Ti èkejì wà lábẹ́ ọ̀dà.

Olùkọ́ yìí mú mẹ́káníìkì tirẹ̀ dání lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí mẹ́káníìkì tí olùtajà bá pè wá, olùtajà ni yóò sanwó fún un. Wọ́n rí Camry pupa kan tí wọ́n ti fọ̀ títí tí ó ń kọ mọ̀nà.

“Ọ̀gá, ẹ má ṣiyèméjì rárá,” ni olùtajà wí. “Ìyá àgbà òyìnbó kan ni ó ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Mẹ́káníìkì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bá a gbígbóná. “Tísà,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí á padà wá ní ìdájí ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i.”

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni ó sọ. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná a máa pa àbùkù rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ó bá tutù ni ó ń sọ òtítọ́. Bí a bá ṣáná sí i ní òwúrọ̀, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kí ó wo èéfín. Èéfín tí ó ní àwọ̀ búlúù fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ń jó epo ara rẹ̀, owó ńlá sì ni àtúnṣe rẹ̀. Èéfín dúdú ń sọ pé bẹntiróòlù tí ń wọlé pọ̀ jù, èyí sì lè máà le púpọ̀. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná ni ó yẹ kí a bẹ̀rù, nítorí ó lè jẹ́ pé omi rédíétọ̀ ti ń rí ọ̀nà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kí a ṣí ìdérí ibi tí a ń da epo ẹ́ńjìnnì sí pẹ̀lú: bí ohun tí a rí níbẹ̀ bá funfun bí ògì, omi àti epo ti pàdé, kí olùrà yáa máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wo ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó ti forí sọ igi rí, tí wọ́n sì ti tún páànù rẹ̀ nà, kì í padà sí bí ó ti wà. Kí a wò ó nínú oòrùn, kì í ṣe ní abẹ́ ibòji, bóyá ọ̀dà ìlẹ̀kùn kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹni tí ó bá ní òòfà kékeré lè fi aṣọ wé e, kí ó gbé e lé ara irin. Níbi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́ bí ó ti lẹ̀ mọ́ àwọn ibi yòókù, ó ṣeé ṣe kí àtè tí wọ́n fi dí kòtò wà lábẹ́ ọ̀dà.

Omi náà jẹ́ ọ̀tá. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, àìmọye ọkọ̀ ni omi bò mọ́lẹ̀, irú wọn ni àwọn oníṣòwò sì máa ń fọ̀, tí wọ́n á sì tà. Ọkọ̀ tí omi ti bò rí dára lójú, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Kí a ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, kí a gbọ́ òórùn abẹ́ rẹ̀, kí a sì wo ìṣó tí ó di ìjókòó mọ́lẹ̀. Ìpẹtà kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀ bí kò bá ṣe omi ni ó gbé e débẹ̀.

Ní ti ònkà tí ń sọ iye ìrìn tí ọkọ̀ ti rìn, kí ẹnikẹ́ni má fi gbogbo ọkàn gbà á gbọ́, nítorí àwọn kan mọ bí a ṣe ń dá a padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í purọ́. Bí ònkà bá ní ìrìn kò pọ̀, tí rọ́bà orí bíréèkì sì ti jẹ tán, ọ̀kan nínú wọn ń tanni. Ní ara táyà pẹ̀lú, àmì oníye mẹ́rin kan wà tí ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: bí a bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá lè ní ojú tí ó jin dáadáa, kí ó sì bẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú gbogbo ẹbí nínú ọkọ̀.

Nígbà tí olùkọ́ àti mẹ́káníìkì padà dé ní ìdájí, Camry pupa tu èéfín búlúù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà òyìnbó parí síbẹ̀.

Ìwé ọkọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú ẹjọ́ wá. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a kọ sí ara ọkọ̀ jẹ́ àmì 17, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu láìyẹ̀. Lára ọkọ̀ tí a ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún rẹ̀. 7 dúró fún ọdún 2007, A sì dúró fún 2010. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń gba Kútọnu kó wọlé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tí kò ní ìwé owó aṣọ́bodè tòótọ́ lè pàdé àwọn aṣọ́bodè lójú ọ̀nà, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Ìwé ìbánigbófò pẹ̀lú di dandan. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni èyí tí ó kéré jùlọ fún ọkọ̀ ilé ti kúrò ní 5,000 náírà, tí ó di 15,000.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ná gbogbo owó tán sórí ọkọ̀, tí wọ́n sì gbàgbé pé ọkọ̀ yóò jẹun. Nígbà tí ìjọba mú ọwọ́ kúrò lórí owó epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye bẹntiróòlù ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sì dúró sí ìta olówó wọn. Epo inú ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ pípààrọ̀. Omi ẹ̀rọ lásán nínú rédíétọ̀ ń dá ìpẹtà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí ó tilẹ̀ pọ̀ jù ni ìnáwó tí kò sí nínú ìwé kankan: bí a bá ti mọ̀ pé tísà ní ọkọ̀, òun ni yóò gbé ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, òun ni yóò gbé aláìsàn ní òru, agboolé yóò sì máa ka iye ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ òkú. Kò sì ní lè kọ̀.

Ọkọ̀ kẹta tí wọ́n wò ni olùkọ́ náà rà, Corolla aláwọ̀ eérú kan tí olùtọ́jú ilé ìwòsàn kan ti lò ní Ọ̀yọ́. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ní ojú ọgbẹ́, rédíò rẹ̀ kò sì fọhùn. Owó tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ra táyà tuntun mẹ́rin àti bátìrì. Ó ní kí rédíò ṣì dúró ná. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ìyá àgbà jókòó síwájú, ìyàwó àti àwọn ọmọ méjì tí ó kéré jùlọ wà lẹ́yìn, igbá ẹrù mẹ́ta sì wà nínú búùtù, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́ kí oòrùn tó mú.