Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan: Bí A Ṣe Lè Fi Owó Kékeré Mọ Ilẹ̀ Tí Ó Yí Wa Ká

 

Ní ọjọ́ kan nínú ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kan léèrè pé ta ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí omi gbígbóná Ìkógòsì rí. Ọwọ́ tí ó nà sókè kò pé márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Ìkógòsì àti Ìdó-Ilé wa yìí wà, Aramọkọ sì ni olú-ìlú rẹ̀. Nígbà tí a béèrè ìdí, àwọn kan ní kò sí owó, àwọn kan ní kò sí ẹni tí yóò bá àwọn lọ, àwọn mìíràn sì ní àwọn òbí àwọn kò ní gbà. Àwíjàre mẹ́ta yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òótọ́ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ náà wà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ẹni tí ó ka ìtàn nínú ìwé tí kò rí ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìdajì ìtàn ni ó mọ̀.

ẸNI TÍ Ó DÁ RÌN ṢÁÁJÚ WA

Ìrìn-àjò kì í ṣe ohun àjèjì láàrin àwọn tí ó ń kọ́ Lárúbáwá. Ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n ti bí Ibn Battuta ní ọdún 1304. Ní ọdún 1325, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó dágbére fún àwọn òbí rẹ̀, ó sì dá gbéra lọ sí Mẹ́kà láìní alábàárìn. Ibà mú un lójú ọ̀nà débi pé ó fi aṣọ láwàní so ara rẹ̀ mọ́ gàárì kí ó má baà jábọ́. Nígbà tí ó dé Tunis, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wọ̀lú ni wọ́n rí ẹni kí wọn káàbọ̀, òun nìkan ni ẹnikẹ́ni kò kí. Ó bú sẹ́kún, kí ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò tó wá tù ú nínú. Láti Tunis yìí ni ó ti bá ọ̀wọ́ àwọn alálàájì lọ, tí wọ́n sì fi ṣe adájọ́ wọn. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí: ẹni tí ó dá jáde nílé kò kọ ẹgbẹ́ nígbà tí ó rí ẹgbẹ́ rere lọ́nà.

Láti 1352 sí 1353, ó dé ilẹ̀ Mali. Ó ròyìn pé ọ̀nà ibẹ̀ ní ààbò tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìdí láti dúró de ọ̀wọ́ èrò. Àwọn arìnrìn-àjò ibẹ̀ kì í ru oúnjẹ, wọn kì í sì í mú wúrà tàbí fàdákà dání. Iyọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn nǹkan olóòórùn dídùn díẹ̀ ni wọ́n ń mú lọ. Bí wọ́n bá dé abúlé, àwọn obìnrin á gbé wàrà, adìẹ àti ìrẹsì wá, wọn a sì fi ẹrù kékeré yìí rà á. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mọ ohun tí wọ́n ń ná níbi tí ó ń lọ, ẹrù rẹ̀ kì í wúwo.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ti gbówó lórí gan-an. Nítorí náà a kò ní kọ iye owó ọkọ̀ kankan síhìn-ín, nítorí pé èyí tí a bá kọ lónìí lè yí padà lọ́la. Ìlànà ni a ó sọ.

Èkíní, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ẹ béèrè owó àlọ àti owó àbọ̀. Ẹ bi ẹni méjì ó kéré tán, ẹ má ṣe bi dẹ́rẹ́bà nìkan. Èkejì, ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́rin: àlọ, àbọ̀, oúnjẹ pẹ̀lú owó ẹnu ọ̀nà, àti owó tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí àpẹẹrẹ, bí ó bá jẹ́ ₦10,000 ni gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín, àlọ àti àbọ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦5,000 lọ. Oúnjẹ àti owó ẹnu ọ̀nà kò gbọdọ̀ ju ₦2,500. ₦2,500 tí ó ṣẹ́kù jẹ́ ti ọjọ́ ìṣòro. Bí ẹ bá béèrè tí ọkọ̀ nìkan jẹ́ ₦7,000, ibẹ̀ kọ́ ni owó yín lè gbé yín dé. Ẹ yan ibi tí ó súnmọ́, ibẹ̀ kò ní sá lọ.

Ẹ̀kẹta, owó àbọ̀ kì í ṣe owó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ fi í sí àpò ọ̀tọ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé omi àti oúnjẹ láti ilé. Àkàrà àti ẹ̀kọ tí a rà ní Ìdó-Ilé ní òwúrọ̀ yóò jẹ́ kí a bọ́ lọ́wọ́ ríra nǹkan lọ́wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ibi ìgbafẹ́.

IBI TÍ A LÈ LỌ

Òkèmẹ̀sí ni ó súnmọ́ wa jù. Ibẹ̀ ni ìlú Fábùnmi, ọ̀dọ́ akọni tí ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ogun Kírìjì. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, lẹ́yìn tí àwọn bí àlùfáà Samuel Johnson ti ru lẹ́tà láàrin ọ̀tún òun òsì. Ìró ìbọn ni wọ́n sọ pé ó fún ogun náà ní orúkọ. Ẹni tí ó bá dúró ní Òkèmẹ̀sí tí ó sì wo àwọn òkè tí ó yí i ká yóò lóye ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: òkè ni odi wọn.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni èkejì. Ìlú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Agbọ́nbíọ̀fẹ́ ti ìdílé Adéṣínà, tí ó kú ní ọdún 1945, wà lára àwọn tí ó gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè. Àwòrán iṣẹ́ ìdílé yìí ti wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ní òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ọmọ Èkìtì púpọ̀ kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ààfin ní láti kọ́kọ́ kí àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti wá, kí ó sì gba àṣẹ kí ó tó ya àwòrán.

Ìkógòsì ni ẹ̀kẹta. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀ títí wọ́n fi pàdé, olúkúlùkù ṣì di ìwà rẹ̀ mú. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ṣàlàyé pé omi òjò ni ó ń gba ojú sísán àpáta wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Bí inú ilẹ̀ bá ṣe ń jìn ni ó ń gbóná sí i, omi náà a gba ooru yìí, agbára tí ó wà nísàlẹ̀ a sì tì í padà sókè kí ó tó ráyè tutù. Èyí tí ó tutù kò wọlẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ Ẹ̀fọ̀n gan-an ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí fi ń pe irú àpáta tí ó wà lórí àwọn òkè náà. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Ìpólé-Ìlórò, níbi tí omi Àrińta ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Ẹni tí ó bá sì lágbára díẹ̀ sí i lè kọjá sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ó wo omi Olúmirìn tí ó ní ìpele méje. Ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ọjọ́ kan wò. Ẹni tí ó lé eku méjì pa òfo.

Ọ̀RỌ̀ DÍDÁ RÌN

Níhìn-ín ni ẹ̀rù àwọn òbí wà, a kò sì gbọdọ̀ bá wọn wí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì yìí, ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùrẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú èyí tí ó sì ní ẹ̀rù kò ba òun, kò ní ọmọ ni.

Ẹ̀sìn wa pàápàá kìlọ̀ nípa dídá rìn, pàápàá ní òru, àwọn onímọ̀ sì so ìkìlọ̀ náà mọ́ ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Fún àwọn ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé wọn kò ṣe é fojú fò. Kí wọ́n bá bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn ọkùnrin lọ. Fún àwọn ọmọkùnrin tí ó ti dàgbà, bí wọn kò bá rí ẹnìkejì, ìrìn ojúmọmọ ní ọ̀nà tí èrò ń gbà ni a ń sọ. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀, kí wọ́n má wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n bi àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, kí wọ́n padà sílé láìtijú.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Àwa náà ṣe àṣìṣe rí. Nígbà tí a ṣì wà ní ọ̀dọ́, a dá lọ sí Ìkógòsì ní ọjọ́ kan, a sì dé ibẹ̀ nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Omi náà dùn mọ́ wa lára, a kò sì béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ. Nígbà tí a ó fi jáde, ibùdókọ̀ ti dá. Ìyá àgbà kan tí ó ń kó igbá àkàrà rẹ̀ nílẹ̀ ni ó wò wá, tí ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó mọ̀ pé o wà níbí?" A kò rí ìdáhùn fún un. Ó mú wa lọ sí mọ́sálásí, ládàánì sì tẹ́ ẹní fún wa.

Àwa sùn, ṣùgbọ́n bàbá wa kò sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ sí ibùdókọ̀ ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí a dé ilé ní òwúrọ̀, wọn kò nà wá, wọn kò sì bú wa. Wọ́n kàn wò wá títí, wọ́n sì wọlé lọ. Ó tó ọdún kan gbáko kí wọ́n tó tún gbà fún wa láti jáde ìlú. Owó kọ́ ni ó ná wa tó bẹ́ẹ̀, ìfọkàntán ni.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ní òfin mẹ́ta. Bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn yóò lọ. A ń kọ ibi tí a ń lọ àti wákàtí tí a ó padà sórí ìwé fún àwọn ará ilé. Bí ó bá sì ti di agogo méjì ọ̀sán, ojú ti padà sí ọ̀nà ilé, ì báà jẹ́ pé a rí gbogbo rẹ̀ tán tàbí a kò rí i tán.

ÌRUN LÓJÚ Ọ̀NÀ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rò pé ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ti di arìnrìn-àjò tí ó lè gé ìrun kúrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ọ̀nà tí ó fàyè gba gígé ìrun sí nǹkan bí kìlómítà 80, àwọn ibi tí a dárúkọ wọ̀nyí kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀ sí Ìdó-Ilé. Ẹ kí Àílà ní rakáà mẹ́rin, kí ẹ sì fi àkókò rẹ̀ sínú ètò yín. Mọ́sálásí ìlú tí ẹ dé tún jẹ́ ibi tí a ti ń sinmi, tí a ti ń rí omi, tí a sì ti ń rí ẹni òtítọ́ bi léèrè ọ̀nà.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ bá fi ètò rẹ̀ hàn yín lórí ìwé, tí ó mọ iye owó àbọ̀ rẹ̀ àti wákàtí tí yóò wọlé, ẹ má ṣe sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ rán an lọ sí Òkèmẹ̀sí. Bí ó bá padà ní wákàtí tí ó dá, Ẹ̀fọ̀n ni ó kàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé wíwọlé ní àsìkò lónìí ni yóò ṣí ilẹ̀kùn ìjáde ti ọ̀la fún yín. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àlọ wa dára, kí àbọ̀ wa sì dára jù ú lọ. Àmín.