Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Kò Dìde Mọ́: Bí A Ṣe Ń Wádìí Àìsàn Tírììmù

Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan á dé tí awakọ̀ yóò tẹ bọ́tìnnì tí ó ń gbé e sókè, tí ẹ́ńjìnnì kò sì ní mira. Lọ́jọ́ mìíràn, yóò dìde, ṣùgbọ́n kí awakọ̀ tó yíjú padà, yóò ti máa rọra sọ̀kalẹ̀. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọn a wá pákó láti fi tì í sókè, tàbí okùn láti fi dè é mọ́lẹ̀, kí iṣẹ́ òòjọ́ wọn má baà dúró. Ìdí tí a fi kọ àlàyé yìí sí ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó, pàápàá ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin apẹja àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ èrò, ni pé pákó àti okùn wọ̀nyí léwu ju àìsàn ẹ́ńjìnnì náà lọ. Àìsàn náà gan-an kì í sì í sábà le tó bí a ti ń rò.

Tírììmù ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ohun èlò yìí. Àárín irin méjì tí ó gbá ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀ ni ó wà. Àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí a ń fi ọwọ́ gbé kò sábà ní in. Mọ́tò oníná kékeré kan ni ó ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù a sì fi agbára ti òróró sínú àwọn ọ̀pá irin títí wọn yóò fi yọ jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá, ọ̀pá kúkúrú méjì ni ó ń tún ìdúró ẹ́ńjìnnì ṣe nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ọ̀pá gígùn kan sì ni ó ń gbé e kúrò nínú omi pátápátá nígbà tí omi bá fà tàbí tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀.

Ọ̀pá gígùn yìí ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ kò kà sí. Àwọn fáàfù kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣí nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá kọlu ìtì igi lábẹ́ omi. Ẹsẹ̀ náà yóò fò sókè, lẹ́yìn náà yóò padà sí àyè rẹ̀. Ọkọ̀ tí a fi okùn de ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti pàdánù ààbò yìí: bí ó bá pàdé ìtì igi lórí eré, ìdí ọkọ̀ ni yóò gba gbogbo agbára náà, ó sì lè ya.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan nǹkan, kí ọkọ̀ ti wà ní èbúté tàbí lórí ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 75 wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Irin ìdádúró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a máa ń yí sí àyè láti gbà á dúró bí ó bá ti dìde tán. Ẹ lò ó, kí ẹ sì tún fi okùn tí ó nípọn so ẹ́ńjìnnì náà sókè títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti orí tàbí ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ó jẹ́ pé òróró nìkan ni ó gbé e dúró. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù jìnnà, nítorí wáyà lè ta iná.

Etí ni ẹ ó kọ́kọ́ lò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohunkóhun, ẹ má tíì dá òróró lẹ́bi. Iná ni kò dé ibẹ̀. Tírììmù ń mu iná púpọ̀, bátìrì tí ó ṣì ń tan gílóòbù lè má lágbára tó láti yí i. Ẹ fi sáńpépà nu orí bátìrì àti ibi tí wáyà ti kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wo fíúsì. Bí ẹ bá gbọ́ ìró “kó” kan ṣoṣo, riléè ti gba àṣẹ, ṣùgbọ́n iná kò kọjá dé mọ́tò, tàbí kí mọ́tò fúnra rẹ̀ ti kú. Riléè méjì ni ó sábà máa ń wà, ọ̀kan fún ìgbésókè, èkejì fún ìsọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí ó ń dìde tí kò sì sọ̀kalẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ń dùn ún. Bí riléè méjèèjì bá jọra, ẹ pààrọ̀ àyè wọn. Bí àìsàn bá ṣí lọ sí ọ̀nà kejì, riléè ni. Bí kò bá ṣí, ẹ wo bọ́tìnnì àti wáyà.

Nínú ọ̀pọ̀ Yamaha àtijọ́, wáyà méjì ni ó wọ mọ́tò tírììmù: èyí tí ó ní àwọ̀ ojú ọ̀run fún ìgbésókè, èyí tí ó ní àwọ̀ ewé fún ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ yọ wọ́n níbi tí a ti so wọ́n, kí ẹ fi wọ́n kan orí bátìrì tààrà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mọ́tò bá yí, ara rẹ̀ le, àìsàn wà lọ́nà. Bí kò bá yí, ó lè jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti jẹ tán, tàbí pé omi ti wọ̀ ọ́. Èyí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí omi rẹ̀ fi ń di oníyọ̀, ara mọ́tò tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó a sì dípẹtà títí yóò fi lu. Nígbà òjò, tí omi bá tún di aláìníyọ̀, koríko ojú omi tí ó kọ́kọ́ yọjú ní ìhà Badagry ní ọdún 1984 a bo ọ̀nà, awakọ̀ a sì máa gbé ẹ́ńjìnnì sókè léraléra láti já a kúrò. Mọ́tò tí iyọ̀ ti jẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn ni òjò ń wá fi iṣẹ́ pa.

Bí mọ́tò bá ń dún dáadáa tí ẹ́ńjìnnì kò sì dìde, ọ̀rọ̀ ti kan òróró. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀tì kékeré kan tí a ń fi sukudíráífà yí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí ó gbá ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀. A máa ń tú u díẹ̀ kí a lè fi ọwọ́ gbé ẹ́ńjìnnì nígbà tí bátìrì bá kú. Owó pọ́ǹpù tuntun ti lọ lásán lọ́wọ́ àwọn kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ni ó tú bọ́ọ̀tì yìí tí ó sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ yí i sí ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi le, ẹ má fi agbára já a.

Bí ó bá ti le tẹ́lẹ̀, kí ènìyàn mélòó kan gbé ẹ́ńjìnnì dé òkè pátápátá, kí ẹ fi irin ìdádúró sí i, kí ẹ tó ṣí ìdérí òróró. Ìdérí yìí kò ṣeé ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀, nítorí òróró lè fi agbára ta sí yín lójú. Òróró gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu ihò, kí ó sì mọ́ kedere. Èyí tí ó pupa bí sóbò ni ó wọ́pọ̀. Bí ó bá dà bí tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ ni a ó sì dà nù sínú kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe sínú ọ̀sà tí a ti ń pẹja. Ẹ ra irú òróró tí ìwé ẹ́ńjìnnì yín bá dárúkọ. Fún ọ̀pọ̀ Yamaha àtijọ́, ATF Dexron II ni. Ẹ má ṣe lo òróró bíréèkì, yóò ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì tún bu òróró kún un.

Èyí tí ó ń dìde tí ó sì ń rọra wálẹ̀ ni ó gba sùúrù jù. Ní alẹ́, ẹ gbé e sókè láìfi irin ìdádúró sí i, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí ó dé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Bí ó bá ti kúrò lójú ìlà náà ní òwúrọ̀, tí òróró kò sì kán sílẹ̀, inú ni ó ti ń jò. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùka rọ́bà tí ó wà lára bọ́ọ̀tì ìtúsílẹ̀ yẹn, nítorí owó rẹ̀ kéré, kò sì gba kí a tú gbogbo nǹkan palẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ó di ti fáàfù tàbí ti rọ́bà inú ọ̀pá, iṣẹ́ ìyẹn sì di ti ilé iṣẹ́ tí ó ní irinṣẹ́ rẹ̀. Bí òróró bá ń kán síta, ẹ fi èékánná yẹ ara ọ̀pá wò: ọ̀pá tí ìpẹtà ti gbẹ́ yóò tún gé rọ́bà tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀kan kù tí kò gba ìdúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fò sókè nígbà tí ẹ bá fi ọkọ̀ sí ìpadàsẹ́yìn, ọkọ̀ náà kò ní bíréèkì mọ́, nítorí ìpadàsẹ́yìn ni awakọ̀ fi ń dá ọkọ̀ dúró létí jẹ́tì. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má ṣe gbé èrò kankan títí a ó fi tún un ṣe, kí ẹ̀yin èrò tí ẹ bá sì rí okùn lára ẹ́ńjìnnì dúró de ọkọ̀ mìíràn.