Kí ló wà lára ilé Àgùdà l'Ékòó tó ń wu èèyàn?

Ilé alájà kan wà ní òpópónà Kakawa, ní Erékùṣù Èkó, tí omi sọ di olókìkí. João Esan da Rocha ló kọ́ ọ, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ní kékeré, tó sì padà wálé nígbà tó dàgbà. Àgùdà ni wọ́n ń pe irú àwọn tó ti Brazil padà bẹ́ẹ̀. Kànga wà nínú àgbàlá rẹ̀. Kò tíì sí omi ẹ̀rọ l'Ékòó nígbà náà, nítorí náà, omi kànga yẹn làwọn ará àdúgbò ń rà, wọ́n sì sọ ilé náà ní Water House. Candido, ọmọ João, lówó débi pé orúkọ rẹ̀ di àfiwé: bí wọ́n bá tọrọ owó ńlá lọ́wọ́ ọmọ Èkó, á béèrè bóyá òun ni Da Rocha.

Kànga yìí fi ohun kan hàn tí àwòrán kì í fi hàn. Ẹwà ilé Àgùdà ló kọ́kọ́ ń fa ojú mọ́ra, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí èèyàn fẹ́ gbé ibẹ̀ pẹ́ ni pé ohun tó nílò kò jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé.

Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìtẹ̀ ní Bahia lọ́dún 1835, àwọn aláṣẹ fòòró àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ di ẹrù wọn, ó di ilé. Àwọn tó gúnlẹ̀ s'Ékòó ló tẹ Pópó Àgùdà dó, lágbègbè Campos Square, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì gbé dé: bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn bíríkìlà Àgùdà, lọ́wọ́ nínú mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní òpópónà Martins lọ́dún 1894. Ẹni tó bá wo iwájú rẹ̀ lè rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ló ń wò.

Ká sún mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé tó ṣẹ́kù. Orí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣe pẹrẹsẹ, ńṣe ló tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n mọ òdòdó sára ògiri àti sórí òpó, wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sí ojú fèrèsé, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí oòrùn kò sì ráyè. Ògiri nípọn, àjà ga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sì la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ilé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún ẹ̀rọ amúlétutù lónìí. Abájọ tí àwọn olówó Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde àti Iléṣà fi ní kí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ fáwọn náà.

Láti Campos Square, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Holy Cross, ọjà Sandgrouse àti Tinubu. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, abọ́ fùréjọ̀n, ìyẹn ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi oje àgbọn sè, á ti ilé kan dé èkejì kó tó tutù.

Ìgbà tí wọ́n tú àwọn ará Erékùṣù ká ni iye tí ìsúnmọ́ra yìí tó hàn. Lọ́dún 1955, LEDB, àjọ ìjọba tó wà fún títún Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín ìlú, ó ní ibẹ̀ há, ó sì dọ̀tí. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Surulere. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ilé tuntun dára, àmọ́ ọlọ́jà tó ti ń pàtẹ síwájú ilé rẹ̀ pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, àtilọ kí mọ̀lẹ́bí sì di ìrìn àjò. Ìwé Marris jáde ní 1961. Ọdún yẹn kan náà ni Jane Jacobs, oníròyìn tó ń gbé Greenwich Village ní New York, kọ ìwé tó sọ pé ìlú nílò ilé àtijọ́, nítorí owó ilé wọn ni oníṣòwò kékeré lè san, àti pé àwọn tó ń rìn lójú pópó pẹ̀lú àwọn tó ń wòde láti ojú fèrèsé ló ń ṣọ́ àdúgbò. Lónìí, apá olówó nìkan ló ká ilé Greenwich Village. Ní Erékùṣù Èkó, ilẹ̀ ló gbówó lórí ju ilé tó wà lórí rẹ̀ lọ.

Ohun tó pa Ilojo Bar, ọ̀kan lára àwọn ilé Àgùdà, nìyẹn, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ sí Tinubu ní 1855, ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ilé ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Kì í ṣe pé àtúnṣe kò ṣeé ṣe. Ní Ẹbúté Mẹ́tta, ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún Jaekel House ṣe, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898 nínú ọgbà Rélùwéè, ó sì ti di mùsíọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n Rélùwéè nìkan ló ni tibẹ̀. Ilé ẹbí ló pọ̀ ní Pópó Àgùdà: kí wọ́n tó lè pààrọ̀ pákó fèrèsé kan, àfi kí ọmọ-ọmọ tó wà ní Surulere, èyí tó wà ní London àti èyí tó ń sùn nínú ilé náà kọ́kọ́ fẹnu kò.