Ibùgbàṣẹ Adirẹnalíìnì: Orúkọ Oògùn àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, adirẹnalíìnì a máa tú láti orí kíndìnrín sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a sì máa yára lù. Ibi tí ẹ̀yà ara ti ń gba àṣẹ yìí ni a dábàá kí a pè ní *ibùgbàṣẹ*, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ *ibùjókòó*. Ní 1948, Raymond Ahlquist ti Amẹ́ríkà fi yé wa pé oríṣi méjì ni: α àti β. Lẹ́yìn èyí ni a mọ̀ pé β₁ ló pọ̀ jù ní ọkàn, tí β₂ sì pọ̀ ní ọ̀nà èémí.

Ibùgbàṣẹ dàbí ẹní tí àwọn ahunní Ògòtún Èkìtì hun, tí a tẹ́ de àlejò. *Apàṣẹ* jókòó, ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. *Adínà-àṣẹ* náà jókòó, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Salbutamol jẹ́ apàṣẹ: ó ń la ọ̀nà èémí oníkọ́ fée. Propranolol, tí James Black àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1964, jẹ́ adínà-àṣẹ: ó ń dẹ ìlù ọkàn, ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ṣùgbọ́n ó ń dínà β₂ pẹ̀lú, ó sì lè sé èémí mọ́ oníkọ́ fée nínú.

Nítorí náà, ‘oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru’ kò tó fún ìtumọ̀. Ó dárúkọ àìsàn, kò sọ iṣẹ́ oògùn. Ẹni tí ó ní àìsàn méjèèjì kò ní rí ewu níbẹ̀. ‘Adínà-àṣẹ β’ ń kìlọ̀. Bí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ bá ní orúkọ tí ó sàn jù, kí ó mú un wá, bí ó bá ṣáà ti sọ iṣẹ́ oògùn náà.