Ibà àti Àìlẹ́jẹ̀ Lára Ọmọdé
Ẹ̀yin òbí wa ní Al-Ammariyah, bí ibà tí ẹ̀fọn ń fà bá wọ ara ọmọ, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ á dìde jà. Bí ìjà náà bá pọ̀ jù, ara kò ní lè pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun bó ṣe yẹ. Interleukin-10 wà lára àwọn èròjà tí ara fi ń sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìwádìí kan láti Accra ní Ghana, tó jáde ní 1998, fi hàn pé èròjà yìí kéré lára àwọn ọmọ tí ibà sọ di aláìlẹ́jẹ̀.

Bí ara ọmọ tó ti Nàìjíríà dé bá gbóná, ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sọ ibi tó ti bọ̀ fún dókítà. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ti funfun, ẹ má fi wákàtí kan ṣòfò o. Kí Ọlọ́hun bá wa dá wọn sí.